Ẹ Jẹ́ Ká Sanwó Àyẹ̀wò Kí A Tó Yáwó Ra Ẹ̀yà Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pẹ́ dé ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa ni, pàápàá àwọn ọkọ̀ tó ti dàgbà tí iná wọn ń ṣe ségesège. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí pé, "Kí ló pa ìyá aláta pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ wáyà?" Ẹ ní sùúrù. Ẹni tí ọ̀ràn kàn ló mọ̀ ọ́n. Owó ẹgbẹ́ yìí ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà, oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo sì fi san án padà.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ yáwó wò. Kò sí oṣù tí ìwé ẹni tó fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe kì í dé iwájú wa. Ẹnì kan á kọ̀wé pé òun fẹ́ ra bátìrì. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹni yẹn kan náà á tún kọ̀wé pé ọ́tánétọ̀ ni. A kì í bi í pé, "Ta ló wò ó? Kí ló fi wò ó?" Iye owó tó ní nílẹ̀ àti àwọn onídùúró rẹ̀ nìkan la ń wò. Mo rò pé ibẹ̀ la ti ń ṣìṣe, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Àìsàn iná ọkọ̀, oríṣi méjì ni. Èyí tó dá iṣẹ́ dúró pátápátá kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Wáyà já, a rí i. Gílóòbù jó, a pààrọ̀ rẹ̀. Ìkejì ló ń pani lówó, ìyẹn èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó dà bí ibà tó ń gbọn ọmọ lóru, tó bá di àárọ̀ tí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ á máa ṣeré kiri. Ọkọ̀ náà á kọ̀ fún yín lójú ọ̀nà, á dé ọ̀dọ̀ rìwáyà, á sì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkọ̀ tèmi jẹ́ Peugeot 504 akẹ́rù. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì tipasẹ̀ 504 di oníṣòwò. Mo fi tèmi ń kó ata àti tòmátì láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ní oṣù Òkudù ọdún 2019, awakọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti ojú ọ̀nà: "Màmá, ọkọ̀ ò sítáàtì o. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ó kàn ń dún kẹ̀ kẹ̀ ni." Màá gun ọ̀kadà lọ bá a. Màá ní kó yí i níṣojú mi. Ọkọ̀ á jẹ́ wàrà! Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kìíní, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Rìwáyà àkọ́kọ́ ní bátìrì ni. Mo ra bátìrì tuntun. Ara tù wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dé. Rìwáyà kejì ní ọ́tánétọ̀ ni kò fi iná sí bátìrì mọ́. Mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, mo rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, awakọ̀ mi dúró jẹun lẹ́bàá Ọ̀yọ́ pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì méjìlélógún lórí ọkọ̀. Nígbà tó padà wọlé, ọkọ̀ kọ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ó sítáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tòmátì ti ń ṣomi.

Mo wo ọmọ náà lójú, mo ní, "Irọ́ lo ń pa. Ẹrù ẹlòmíràn lo lọ gbé." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, Ọlọ́run gbọ́, n ò kúrò níbí." N kò gbọ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ọmọ tó ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin!

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí awakọ̀ tuntun dé, èmi gan-an wà nínú ọkọ̀. A dúró ra búrẹ́dì, ọkọ̀ kọ̀. Kẹ̀ kẹ̀ kẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní sítátà ni. Mo fi ìyókù owó ẹgbẹ́ ra sítátà. Oṣù kan kò pé, ó tún dé.

Ìgbà náà ni ẹnì kan júwe rìwáyà àgbàlagbà kan fún mi. Bàbá náà kò mú sípánà. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bi mí léèrè bí ìgbà téèyàn lọ gba káàdì ní ọsibítù. "Ìyá, ìgbà wo ló máa ń ṣe é? Ṣé tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ni, àbí tó bá tutù? Ṣé lásìkò òjò ló bẹ̀rẹ̀? Nígbà tó bá ń dún kẹ̀ kẹ̀ yẹn, ṣé iná inú ọkọ̀ máa ń rẹ̀yìn? Kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, a ò ṣe nǹkan kan sí i. A kàn tún ara rẹ̀ ṣe, a kùn ún, ní bí oṣù méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ ni."

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ó kù díẹ̀."

Ó wá gbé mítà rẹ̀ jáde. Ó fi ẹnu kan sí orí bátìrì tó lọ sí ilẹ̀, ó fi ẹnu kejì kan irin ọkọ̀ níbi tó mọ́, ó ní kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ibi tó yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka nǹkan kan, ó ka fólítì 3 àti lé. Bàbá tú bóòtì kan ṣoṣo. Abẹ́ rẹ̀ rèé: ọ̀dà funfun tí àwọn tó kun ọkọ̀ fi bo irin, àti ìpara aláwọ̀ ewé tí òjò ti dá sórí wáyà. Ó fi sáńpépà ha á títí irin fi ń dán, ó dè é padà dáadáa, ó fi gírísì bò ó. Ó tún wọn ọ́n. Fólítì 3 ti di ìdá mẹ́wàá fólítì kan. Ó tán! Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò kẹ̀ kẹ̀ fún mi mọ́.

Nígbà tó pe owó rẹ̀, mo tún ń ná an. Mo ní, "Bàbá, bóòtì kan péré lẹ tú!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ẹ ti san owó bátìrì. Ẹ ti san owó ọ́tánétọ̀. Ẹ ti san owó sítátà. Owó wíwò nìkan ni ẹ kò tíì san." Mo san án, n kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí bóòtì kan ṣe lè jẹ owó ẹ̀yà mẹ́ta.

Nínú ọkọ̀, iná ń jáde láti orí bátìrì kan, ó ń lọ ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí orí kejì. Irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbà padà. Wáyà tó so bátìrì mọ́ irin náà ni àwọn rìwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì náà ní tirẹ̀, nítorí orí rọ́bà ló jókòó sí, iná kì í sì í gba inú rọ́bà kọjá. Bí ìsopọ̀ ẹ́ẹ̀tì kò bá mọ́, ẹ wò ó bí ẹnu ọ̀nà ọjà tí ẹnì kan gbé àtẹ dí. Bí èèyàn márùn-ún bá fẹ́ kọjá, wọ́n á kọjá. Ẹ jẹ́ kí àádọ́jọ èèyàn dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rí wàhálà. Iná iwájú kan tó jẹ́ wáàtì 60 ń fa nǹkan bí áńpíà 5. Sítátà lè fa áńpíà 150. Ìsopọ̀ kan náà tó ń jẹ ìdá mẹ́wàá fólítì kan nígbà tí iná iwájú kan tàn, odidi fólítì 3 ló máa jẹ nígbà tí sítátà bá fẹ́ yí. Bí bátìrì bá ń fún un ní fólítì 10 lásìkò náà, fólítì 7 péré ló máa dé ọ̀dọ̀ sítátà. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń tàn dáadáa, tí hóònù ń ké, tí ọkọ̀ kò sì sítáàtì.

Kí ló dé tó fi ń lọ tó ń bọ̀? Ibi kékeré ni irin ti ń kan irin lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Ooru, òjò àti gbígbọ̀n ọkọ̀ ń sún un. Nígbà mìíràn ó kàn, nígbà mìíràn kò kàn. Kí sì ló dé tí ẹ̀yà tuntun fi ń wò ó sàn fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ fetí sí èyí, nítorí òun ló ń tan gbogbo wa jẹ. Kò sí ẹni tó máa pààrọ̀ bátìrì tí kò ní fọwọ́ kan wáyà rẹ̀. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́tánétọ̀ tàbí sítátà náà á kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì. Bó ṣe ń tú u tó ń dè é padà, ó ń mi wáyà ẹ́ẹ̀tì yẹn, irin á sì tún rí irin. Ọwọ́ tó mi wáyà ló wo ọkọ̀ sàn, ẹ̀yà tuntun ló gba ọpẹ́.

Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó máa ta ìrẹsì láìfi kóńgò wọ̀n ọ́n. Mítà ni kóńgò iná. Kò wọ́n tó bátìrì, ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà sì lè kà á. Ẹ mọ iye wọ̀nyí: bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú, á ka nǹkan bí fólítì 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó ka 13.8 sí 14.4. Bó bá ń ka 12 àti díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, a lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí fánbẹ́ẹ̀tì, ọ́tánétọ̀ tàbí kọ́táòtù. Láti orí bátìrì dé irin ọkọ̀, àti dé ara ẹ́ńjìnnì, nígbà tí sítátà ń yí, kò yẹ kó kọjá ìdajì fólítì. Kó kéré ju ìyẹn lọ ló dára.

Àwọn àmì kan wà tí ojú lásán lè rí. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wúyẹ́wúyẹ́, ẹ wo ẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn kí ẹ tó ra gílóòbù. Bí gbogbo nǹkan bá kú nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò tó sì tún jí padà, ẹ wo orí bátìrì, ẹ wo ibi tí fíùsì jókòó sí, kí ẹ sì wo ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Àwa ìyálọ́jà fẹ́ràn láti so kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti àpótí mọ́ ti ọkọ̀, ìwúwo wọn sì ń jẹ ẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú nígbà tó gbóná, tó ń jí nígbà tó tutù, kọ́ìlì tàbí kọ̀ndénsà lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí rìwáyà wo iná pọ́lọ́ọ̀gì lásìkò tó kú gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti jí. Bó bá jẹ́ òjò nìkan ló ń dá a dúró, ẹ wo wáyà pọ́lọ́ọ̀gì àti ìdérí dístríbútọ̀.

Kí awakọ̀ ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀, kó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá ẹ́ńjìnnì gbóná, àwọn iná tó ń tàn, àti ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn kó tó jí. Bí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àrùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ká ní mo ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni, n kì bá tí pe ọmọ ọlọ́mọ ní òpùrọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí n kò lè fò dá: bí fíùsì bá ń já, ẹ má ṣe fi wáyà lásán tàbí bébà dídán inú páálí sìgá rọ́pò rẹ̀. Fíùsì ń já kí wáyà má baà jó ni. Ẹni tó bá dí i pa ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù àti ọkọ̀ lè jóná pọ̀ lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ má sì ṣáná sí itòsí rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè bú gbàù.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ti gbó, kí á kúkú yọ gbogbo wáyà rẹ̀ ká fi tuntun sí i. Ìyẹn máa ń pọn dandan nígbà tí wáyà bá ti jó tàbí tí rọ́bà ara rẹ̀ ti ń bó. Ṣùgbọ́n wáyà tuntun tí a bá dè mọ́ orí ọ̀dà, bí ti àtijọ́ ló máa ṣe. Àwọn mìíràn ní olè ni àwọn rìwáyà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa la kọ́ wọn ní àṣà yìí. A dúró tì wọ́n lórí, à ń kánjú, a ní ọjà ń dúró dè wá. Bí rìwáyà bá lo wákàtí mẹ́ta láti wá àrùn, a ní kò ṣe nǹkan kan. Bó bá gbé ẹ̀yà tuntun jáde láti inú páálí, a sanwó tayọ̀tayọ̀. Ohun tí a ń sanwó fún náà ni wọ́n ń ṣe fún wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń tọrọ, mo sì fẹ́ kí a jíròrò wọn ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ra mítà méjì, kí akọ̀wé máa tọ́jú wọn, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ lè yá a lọ fún rìwáyà rẹ̀ lò. Èkejì, kí ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra ẹ̀yà iná ọkọ̀ mú ìwé pélébé kan wá: kí ni wọ́n wọ̀n, iye wo ni mítà kà nígbà tí àìsàn náà wà lára rẹ̀, ta ló sì wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe láti fi ni ọmọ ẹgbẹ́ lára. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yà náà ló bàjẹ́ lóòótọ́, mítà á jẹ́rìí, a ó sì fọwọ́ sí owó rẹ̀ láìjanpata. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ máa yá èèyàn ní owó àyẹ̀wò nìkan, owó kékeré tí yóò san láàárín oṣù méjì, kí rìwáyà tó mọṣẹ́ lè fara balẹ̀ wò ó. Owó àyẹ̀wò kì í ṣe owó ìnákúnàá. Òun ló ń gba owó ńlá sílẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí mo lé. Mo lọ sí ilé wọn, mo kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mo sì bẹ ọmọ náà. Ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan nínú mi mọ́." Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti san gbèsè ẹgbẹ́ tán. Gbèsè ti ọmọ yẹn, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ san án, àfi kí n sọ ọ́ fún yín kí ẹ má baà jẹ irú rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀. Ó di ìpàdé o.